Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀pù Àjàyí Crowther: Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run Láàárín Àtakò



Kò sí ọmọ ilé-ìwé kan nínú ìjọ wa tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀pù Samuel Àjàyí Crowther. A mọ̀ ọ́n bí ẹni tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, bí ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, àti bí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ Bíṣọ́ọ̀pù. Nǹkan wọ̀nyí dára, ó sì yẹ kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ṣàkíyèsí pé a máa ń yára rékọjá nígbà tí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀. Èyí nì ni bí ó ti dúró nígbà tí àṣà àwọn baba rẹ̀, òfin ìlú, àti ìfẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá, dojú kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Èyí ni a fẹ́ gbé síwájú yín nínú ìwé ti oṣù yìí, àti síwájú ẹ̀yin olùkọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, nítorí pé ẹ̀yin ni ó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ibi tí a bá rán yín lọ.

ÌGBÀ ÈWE ÀTI OKO ẸRÚ

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809 ní ìlú Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé olórìṣà ni ilé wọn, gẹ́gẹ́ bí ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà ti rí. Àwọn àgbà a máa ròyìn pé nígbà tí a bi babaláwo léèrè òrìṣà tí ọmọ náà yóò máa bọ, ó dáhùn pé kí a má ṣe fi í fún òrìṣà kankan, nítorí pé Olódùmarè ni yóò máa sìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu púpọ̀ jù, nítorí pé Ọlọ́run a máa gba ẹnu ẹni tí ó bá wù ú sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1821 ogun dé bá Òṣoògùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ń pèsè oúnjẹ lọ́wọ́. Baba Àjàyí sáré wọlé láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì tún padà lọ sí ojú ìjà; ọmọ rẹ̀ kò sì fojú kàn án mọ́ títí ayé. A mú Àfàlá àti àwọn ọmọ rẹ̀, a fi okùn so wọ́n ní ọrùn, a sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni a ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, a dá a padà, a sì dá ọmọ náà padà pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé, wọ́n sì wà ní ìlú kan náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan a wá mú un lọ lójijì, láìjẹ́ pé ó rí àyè dágbére fún ẹni tí ó bí i. Kí ẹ fi èyí sí ọkàn, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé a óò tún padà sórí rẹ̀.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń tà á. Nígbà tí ó gbọ́ pé a óò tà á fún àwọn ará Potogí, ìbẹ̀rù bá a tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbèrò lóru láti fi okùn pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà fún un láti fa okùn náà le. Àwa tí a mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọmọ náà ṣe lè dúpẹ́ fún àìgboyà yẹn. Ní Èkó ni a ti fi ẹ̀wọ̀n irin so òun àti àwọn mìíràn pọ̀, a sì kó wọn sínú ọkọ̀ àwọn ará Potogí, àwọn 187 ní iye. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà ní ojú òkun. Nígbà tí a gbé àwọn ọmọ náà wọ inú ọkọ̀ ogun, tí wọ́n rí ẹran tí a so rọ̀ àti àwọn ọta ńlá-ńlá tí a tò jọ, wọ́n ṣe bí ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lásán ni, àti irin.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n gúnlẹ̀ ní Sàró. Àjàyí kọ́ ìwé kíkà tọkàntọkàn, nígbà tí ó sì tó oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a dá òun sílẹ̀: ìgbà kìn-ín-ní kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ènìyàn, ìgbà kejì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1827 ó wà nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a kọ́kọ́ gbà sí Fourah Bay. Ní ọdún 1829 ó gbé Asano, ẹni tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Susan, ní ìyàwó. Ẹni tí a gbà lọ́wọ́ oko ẹrú ni òun náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Samuel ṣe fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fojú kéré ipò yín.

Ní ọdún 1841 ó bá ìrìn-àjò kan sí Odò Ọya lọ, ìrìn-àjò tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Lẹ́yìn náà a pè é lọ sí Ìlú Òyìnbó, a sì fi í joyè díákónì àti àlùfáà ní ọdún 1843. Lẹ́yìn tí ó padà dé Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1844 fún àwọn ènìyàn wa tí ó wà níbẹ̀. Ohun ìyanu ni pé ẹni tí ó ti ń wàásù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìwárìrì wá rí i pé òun dà bí ọmọ tí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti sọ èdè ìyá rẹ̀. Àwọn tí ó péjọ fi ayọ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì ń ṣe àṣẹ sí àdúrà rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní ilé.

ÌDÚRÓDÈ NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, Crowther àti aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, nítorí pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ti fi ọ̀yàyà gba Townsend nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí ó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì dí ọ̀nà. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró sí etí òkun. Ìyàwó Gollmer kú ní ibẹ̀.

Ìlú olówò ẹrú ni Àgbádárìgì nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ kò sì ní etí fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wá. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí yóò wà ní ọkàn Crowther. Olùrànlọ́wọ́ tí gbogbo wọ́n gbójú lé ti lọ, ìlú tí wọ́n wà kò fẹ́ wọn, ilé tí wọ́n ń lọ kò ṣe é dé. Ṣùgbọ́n kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n kọ́ ilé àti ilé-ìsìn, wọ́n kó àwọn ọmọdé jọ láti kọ́ wọn ní ìwé, Crowther sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run kì í ṣe kí a ká ọwọ́ lẹ́rán títí ọ̀nà yóò fi là. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa a máa ṣe iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ lónìí, a sì máa fi ti ọ̀la lé ẹni tí ó ni ọ̀la lọ́wọ́.

ÀFÀLÁ

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n dé Abẹ́òkúta. Ṣagbuà àti àwọn ìjòyè gbà wọ́n dáadáa. Ọjọ́ méjìdínlógún lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, Àfàlá dé. Ó ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè, ó sì wá pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí í ṣe ọbàkan Crowther. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti mú Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọdé ni ó fi sílẹ̀, àlùfáà tí ó wọ aṣọ òyìnbó ni ó bá. Àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn ní ojú, omijé sì ń ṣàn. Obìnrin náà ń wárìrì, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ tí a ń pè é ní kékeré. Àwọn ènìyàn yí wọn ká, ẹnu sì ń ya gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ará, a bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Lójú gbogbo ará ilé, kò sí ohun tí ó tọ́ jù nígbà náà ju pé kí a rúbọ ọpẹ́ sí òrìṣà àti sí àwọn baba tí ó ti kú. Ta ni ó lè rí irú oore bẹ́ẹ̀ kí ó má dúpẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń dúpẹ́? Bí ọmọ bá kọ̀, yóò dà bí aláìmoore lójú ìyá tí ó ti sunkún rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ìletò mọ̀ pé ìdánwò tí ó le jù kì í wá láti ẹnu ọ̀tá. Ẹni tí ó bá gbé kùmọ̀ sí wa, a mọ bí a ó ti ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kí ìyá ẹni kúnlẹ̀, kí ó sì máa fi ọmú tí ó fún wa mu bẹ̀ wá, èyí a máa mú kí orúnkún alágbára gbọ̀n.

Crowther kò bá ìyá rẹ̀ jà. Kò gan òrìṣà rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó mú un wọ ilé rẹ̀, ó fún un ní ibùgbé, ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ rere ti ń ṣe, ó sì sọ fún un pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó pa àwọn méjèèjì mọ́, òun nìkan ni ọpẹ́ sì tọ́ sí. Kò gbà láti pín ọpẹ́ náà, kò sì fi agbára mú ìyá rẹ̀. Ó dúró de Ọlọ́run. Fún ọdún kan àti ààbọ̀ obìnrin náà ń gbọ́, ó ń wò, ó ń rò ó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, Àfàlá wà nínú àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí a sọ ọ́, bí orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Ìwé Mímọ́. Ó wà láàyè títí di ọdún 1883, ó sì rí ọmọ rẹ̀ ní ipò Bíṣọ́ọ̀pù.

INÚNIBÍNI TI ỌDÚN 1849

Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́ta tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nǹkan bí 500 ènìyàn ni ó ń wá sí ìsìn déédéé, nǹkan bí 80 sì ti ń gba Oúnjẹ Olúwa. Nígbà náà ni àtakò wá gbóná. Kí a sọ òtítọ́: àwọn tí ó dìde sí àwọn onígbàgbọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú gbogbo. Wọ́n rí àwọn ọmọ wọn tí kò rúbọ mọ́, tí kò bá wọn dá owó ọdún mọ́, tí a sì fẹ́ sin òkú wọn láìṣe ètò tí àwọn baba ti fi lélẹ̀. Ètò ìsìnkú yìí ni ó ń so ilé pọ̀ mọ́ ilé, òun sì ni àwọn ẹgbẹ́ Ògbóni àti àwọn babaláwo ti ń rí ọ̀wọ̀ àti oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí èyí bá tẹ̀síwájú, ìlú yóò tú. Àṣà tí ó ti dàgbà kì í jẹ́ ohun tí a fi ọwọ́ kan tú, ó dà bí ìrókò tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ abẹ́ gbogbo ilé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1849 a mú àwọn onígbàgbọ́ ní àwọn àdúgbò kan, a lù wọ́n, a kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn, a fi wọ́n sínú òjò àti oòrùn, a sì ń fi agbára mú wọn wólẹ̀ níwájú Ifá. A kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ lọ sí ilé-ìsìn mọ́. Ọkùnrin ni wọ́n, obìnrin ni wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é sí wọn ni ẹ̀gbọ́n wọn, baálé wọn, àti àwọn àgbà àdúgbò wọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yẹsẹ̀.

Kí ni Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Wọn kò kó ohun ìjà jọ. Wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìjòyè kan sí èkejì, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí. Crowther mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀: ó mọ òwe, ó mọ ìgbà tí a ń dákẹ́. Ní ìkẹyìn a tú àwọn tí a dè sílẹ̀, àwọn tí ó ti rí ìfaradà wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú Ọlọ́run tí ó ń fún ènìyàn ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Gezo ọba Dàhómì gbé ogun ńlá wá sí Abẹ́òkúta, tọkùnrin tobìnrin àwọn jagunjagun rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ bá àwọn ará ìlú wọn dúró lórí odi, a sì lé Dàhómì padà. Láti ìgbà náà kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti wí pé ẹni tí ó bá gba Kírísítì ti kọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀. John Baptist Dasalu, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́, bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Dàhómì nínú ogun yìí. A tà á lọ sí Kúbà ní òdìkejì òkun, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn a dá a sílẹ̀ kúrò ní oko ẹrú, ó sì tún fi ojú rẹ̀ rí Abẹ́òkúta.

BÍṢỌ́Ọ̀PÙ NÍ ODÒ ỌYA

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ní Kàtídírà Canterbury, a fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀pù. Òun fúnra rẹ̀ kò sáré sí oyè náà. A rọ̀ ọ́ gidigidi kí ó tó gbà. Ọ̀gágun ojú omi tí ó jẹ́ olórí ọkọ̀ tí ó gbà á ní ọdún 1822 wà ní ìjókòó ní ọjọ́ náà, àti obìnrin tí ó kọ́ ọ ní a-b-d ní Sàró. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí Odò Ọya, láti etí òkun títí dé ilẹ̀ Tápà. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí bá bi í ní ìbéèrè, kì í bá wọn ṣe àríyànjiyàn gbígbóná. Bíbélì ni ó máa ń ṣí, tí ó sì máa ń jẹ́ kí ó dáhùn.

Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí a ń pè ní Abokko mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson ní ìtòsí Ìdàh, ó sì béèrè ẹgbẹ̀rún àpò owó ẹyọ kí ó tó fi wọ́n sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀pù kò gbà pé kí a san owó ìràpadà náà. Ẹni tí a ti tà ní ọmọdé mọ̀ pé bí a bá sanwó lórí ọ̀kan, àwọn mìíràn yóò tún di ọjà. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà, ni ó wá gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ọfà olóró bà á bí wọ́n ti ń tu ọkọ̀ lọ, ó sì kú. Bíṣọ́ọ̀pù ru ìbànújẹ́ yìí, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí àtakò ti gbóná jù ni Bonny. Ní ìlú yìí a ń pa ìbejì, a sì kó agbárí ènìyàn jọ sínú ilé òrìṣà. Awọ́nríwọ́n ni ẹranko mímọ́ ìlú náà. Ó ń rìn kiri inú ilé, ó ń jẹ adìyẹ ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ọba ibẹ̀ ni ó béèrè fún olùkọ́, Bíṣọ́ọ̀pù sì rán wọn. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1867, ọba àti àwọn ìjòyè pàṣẹ pé kí a pa àwọn awọ́nríwọ́n náà run. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ogun ti parí.

Ogun kò parí. Nígbà tí àwọn ìjòyè rí i pé àwọn ẹrú wọn ń gba Kírísítì ju àwọn ọmọ olówó lọ, tí wọn kò sì fẹ́ jẹ oúnjẹ tí a fi bọ òrìṣà, wọ́n yí padà. Wọ́n fi òfin de àwọn ẹrú wọn láti lọ sí ilé-ìsìn. A dè àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n nínú igbó, a sì fi ebi pa wọ́n. Ní ọdún 1875 a fi ẹran tí a fi rúbọ lọ ẹrú kan tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Joshua, kí ó jẹ ẹ́. Ó kọ̀. A gbé e sí ọkọ̀, a dì í ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, a sì jù ú sínú odò. Ó kú níbẹ̀, òun tí kò ní nǹkan kan ní ayé yìí tí í ṣe tirẹ̀, àfi ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Dandeson Crowther ni ó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ní Bonny ní ìgbà náà. Àwọn onígbàgbọ́ tí a dí ilé-ìsìn mọ́ ń pàdé nínú igbó láti gbàdúrà. Bíṣọ́ọ̀pù ń bẹ̀ wọ́n wò, ó ń kọ̀wé, ó ń bẹ àwọn ìjòyè, ó sì dúró de Ọlọ́run bí ó ti dúró ní Àgbádárìgì. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ó le jù sí àwọn onígbàgbọ́ sọ, nígbà tí ikú dé bá a, pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn òrìṣà mọ́, ó sì pàṣẹ kí a pa àwọn ère rẹ̀ run. Ilé-ìsìn ṣí sílẹ̀, ó sì kún.

Nínú gbogbo làálàá yìí, iṣẹ́ ìtumọ̀ kò dúró. Episteli sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1850, gbogbo Bíbélì sì parí ní ọdún 1884. Ẹ ro èyí: ẹni tí àwọn alátakò wí pé ó mú ẹ̀sìn àjèjì wá ni ó ṣe iṣẹ́ jù láti mú kí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀, kí ìyá àgbà inú ilé lè gbọ́ ọ láìsí ògbifọ̀.

ÌDÁNWÒ ÌKẸYÌN

A kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó kẹ́yìn pamọ́. Ní ìgbà ogbó rẹ̀, àtakò wá láti ibi tí kò retí. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Odò Ọya kò gbà pé ènìyàn dúdú lè ṣe àkóso bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ní ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, wọ́n kan án lábùkù ní gbangba, ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Èrò orí àwọn ènìyàn tirẹ̀ nípa àwọ̀ ara jẹ́ àṣà pẹ̀lú, ó sì ní agbára bí ti Ògbóni. Ṣùgbọ́n arúgbó náà kò fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àṣìṣe àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Rẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ ìjọ Odò Ọya lọ títí Ọlọ́run fi pè é ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1893, ní àjọ̀dún ọjọ́ tí a fi òun jẹ oyè, a fi Isaac Oluwole àti Charles Phillips, ọmọ ilẹ̀ wa méjèèjì, jẹ Bíṣọ́ọ̀pù olùrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2014, Olórí Bíṣọ́ọ̀pù Canterbury ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nítorí rẹ̀ ní Kàtídírà náà gan-an tí a ti fi í joyè ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀sìn tí ó jẹ̀bi ti jẹ́wọ́. Crowther kò sí láyé láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò nílò rẹ̀ kí ó tó lè jẹ́ olóòótọ́.

Ẹ̀yin olùfẹ́, kí ni a ó mú kúrò níbi ìtàn yìí? Bí àwọn ará ilé bá wí pé a kò lè sin baba wa bí kò bá ṣe pẹ̀lú ètùtù, tàbí bí a bá fi oyè kan lọ̀ wá tí ìbọ̀rìṣà wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà, pé kí a jà tàbí kí a tẹrí ba. Crowther fi ọ̀nà kẹta hàn wá. Ó di ohun tí í ṣe ti Ọlọ́run mú ṣinṣin, kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ó sì fẹ́ràn wọn dé òpin. Ó sì ní sùúrù, nítorí pé ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tòun. Ẹni tí ó bá rò pé òun ni ó ni iṣẹ́ ni ó máa ń bínú. Ìyá tí a mú un kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lóru láìdágbére ni Ọlọ́run dá padà fún un, tí ó sì tún fún un ní ìgbàgbọ́. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò rí irú èrè bẹ́ẹ̀ ní ayé. Joshua ti Bonny kò rí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni àwọn méjèèjì gbẹ́kẹ̀ lé, ojú kò sì ti ọ̀kankan nínú wọn.

Kí Olúwa fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ní ilé, ní ilé-ìwé, àti ní àárín àwọn ènìyàn wa. Àmín.